Bí A Ṣe Ń Yan Rọ́bà Afẹ́fẹ́ fún Ṣọ́tà Kámẹ́rà Ńlá Àtijọ́

Lára kámẹ́rà onígi àtijọ́, rọ́bà ló máa ń kọ́kọ́ kú. Igi rẹ̀ ṣì lè dán, idẹ rẹ̀ ṣì lè le, lẹ́ńsì rẹ̀ ṣì lè mọ́ gaara, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣí ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú kámẹ́rà) á ti sán bí ilẹ̀ àkúrọ̀ tó gbẹ, tàbí kó ti rọ̀ tó fi ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ooru Abuja tó máa ń kọjá 35°C lóṣù Kẹta, àti ọyẹ́ tó ń gbẹ gbogbo nǹkan láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, kì í ṣojú àánú sí rọ́bà. Ẹni tó bá ra kámẹ́rà 5×7 tàbí 8×10 (ìwọ̀n fíìmù rẹ̀ ní ínǹṣì) láti òkè òkun, tàbí tó jogún ti bàbá rẹ̀ tó ní ilé fọ́tò ní Kaduna tàbí Jos nígbà kan, ìṣòro tó máa kọ́kọ́ bá pàdé nìyẹn.

Àwọn ohun tí a fi ń tún un ṣe kò wọ́n, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní ilé oògùn àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni yíyàn. Kí ẹ tó ra bọ́ọ̀lù kankan, ẹ mọ ohun tí ṣọ́tà yín ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣe fún un. Ṣọ́tà kan wà tó jẹ́ pé títì nìkan ló ń fẹ́. Òmíràn wà tó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tì í lọ, kó sì tún fà á padà. Ẹni tó bá lo bọ́ọ̀lù ti ọ̀kan fún èkejì á rò pé ṣọ́tà òun ti bàjẹ́, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Irú ṣọ́tà tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ wo ẹ̀yìn lẹ́ńsì tàbí inú kámẹ́rà. Bí ẹ bá rí àpótí pẹlẹbẹ dúdú tó ní abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, tí sílíńdà kékeré kan sì wà lára rẹ̀ tí imú rẹ̀ yọ síta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Packard, tí iléeṣẹ́ Michigan Photo Shutter ṣe ní Kalamazoo ní Amẹ́ríkà. Òun ni ẹ máa bá pàdé jù lára kámẹ́rà ilé fọ́tò, òun náà ni a óò sì sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Ẹ fún bọ́ọ̀lù, písítínì á sáré lọ, abẹ á ṣí. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á fẹ́ padà sí bó ṣe wà, á fa afẹ́fẹ́, písítínì á padà, abẹ á pa dé. Bí kò bá sí fífà yẹn, ṣọ́tà á ṣí kalẹ̀ ni.

Oríṣi Packard méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ máa ń ṣí níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì fún bọ́ọ̀lù mọ́wọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ní ihò kékeré kan níwájú tí a ń ti pín-ìn kan bọ̀. Bí pín-ìn bá wà nínú rẹ̀, fífún kan ṣoṣo á ṣí i, á sì tún pa á dé láàárín nǹkan bíi 1/25 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí pín-ìn kò bá sí, ó ń ṣe bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn kan tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà tún ní ojú wáyà fún fíláàṣì. Bí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán níta ní ọ̀sán, èyí tó ní pín-ìn ni kí ẹ wá. Èyí tí kò ní i dára fún inú ilé, níbi tí ẹ ti ń fún ìmọ́lẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdílé kejì ni àwọn ṣọ́tà tó jẹ́ pé sípírìngì ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, tí afẹ́fẹ́ kàn ń tú ìdè sípírìngì náà. Unicum ti Bausch & Lomb wà níbẹ̀. Ẹ ó rí sílíńdà idẹ méjì lára rẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ọ̀kan ni ti họ́ọ̀sì, imú rẹ̀ ṣí síta. Èkejì dí, kò ní imú: bíréèkì afẹ́fẹ́ ni, òun ló ń mú kí ṣọ́tà falẹ̀ bí ẹ bá yí i sí 1 ìṣẹ́jú-àáyá tàbí 1/2. Ẹ má gbìyànjú láti fi họ́ọ̀sì sí i, ẹ má sì kan òróró sí i láéláé. Thornton-Pickard ti Altrincham ní Ìlú Ọba náà wà nínú ìdílé yìí: àpótí igi tó ní aṣọ dúdú tó ń ká, okùn tí a fi ń ká a, àti nọ́ńbà tó sábà máa ń lọ láti 1/15 dé 1/90. Títì díẹ̀ ló ń fẹ́. Bọ́ọ̀lù kékeré tó fún un.

Ìdílé kẹta ni Compur, Copal, Ilex àti irú wọn, tó ní ojú síkúrù kékeré fún wáyà ìtẹ̀, ìyẹn wáyà tí a ń tẹ̀ láti tú ṣọ́tà. Wọn kò gba họ́ọ̀sì tààrà. Wọ́n ń fẹ́ họ́ọ̀sì tó ní pín-ìn lẹ́nu. A óò dé ibẹ̀.

Ṣé ojú Packard yín tóbi tó?

Bí ẹ kò bá tíì ra ṣọ́tà, ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó fowó sílẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà f tó kéré jù lára lẹ́ńsì (nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bó bá ṣe tóbi tó ni ojú náà ṣe ń kéré tó) pín gígùn lẹ́ńsì náà, ìyẹn iye mm tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Lẹ́ńsì 300 mm tó jẹ́ f/4.5 á fún yín ní 67 mm. Lẹ́ńsì 210 mm tó jẹ́ f/6.3 á fún yín ní 33 mm. Bí ṣọ́tà bá máa wà níwájú lẹ́ńsì, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju iye yẹn lọ. Bí lẹ́ńsì bá sì jẹ́ èyí tó ń wo fẹ̀ǹfẹ̀, kó jù ú lọ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igun àwòrán á dúdú. Bí ó bá máa wà lẹ́yìn, ẹ wọn gíláàsì ẹ̀yìn lẹ́ńsì, kí ojú ṣọ́tà má kéré sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn inú kámẹ́rà. Àpótí ṣọ́tà fẹ̀ gan-an ju ojú rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ló sì ti ra èyí tí ojú rẹ̀ tó ṣùgbọ́n tí kò wọ ẹ̀yìn pátákó lẹ́ńsì.

Ẹ tún ro ìmọ́lẹ̀ ibi tí ẹ wà. Ní ọ̀sán gangan ní Gwarinpa láìsí ìkùukùu, fíìmù ISO 100 (ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó) ń fẹ́ 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá ní f/16. Ní 1/25, ẹ ó dín ojú lẹ́ńsì kù dé f/32. Bí lẹ́ńsì yín kò bá lọ tó bẹ́ẹ̀, gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìpele 3 á gbé yín padà sí f/11. Ẹni tó bá ń lo bébà fọ́tò bíi fíìmù, tí a sábà máa ń kà sí ISO 6, á rí i pé 1/25 bọ́ sí f/8, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Packard fi bá bébà mu ju fíìmù tó yára lọ.

Bọ́ọ̀lù

Ẹ má ra bọ́ọ̀lù àtijọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ iléeṣẹ́ wà lára rẹ̀ tí wọ́n sì ń pè é ní ojúlówó. Rọ́bà tó ti pé 60 ọdún ti ń kú láti inú wá. Ó lè fẹ̀ dáadáa lónìí, kó sán lọ́la tí ẹ bá gbé e lọ síbi ìnáwó ní Lugbe.

Bọ́ọ̀lù tó dára jù fún Packard ni èyí tó ní ihò kan ṣoṣo, tí kò ní fáàfù. Ilé oògùn ń tà á: rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun nímú ọmọ ìkókó, tàbí èyí tó tóbi díẹ̀ tí wọ́n fi ń fọ etí. Ẹ wá èyí tó gba 60 ml sí 90 ml. Ẹ fún un pa, ẹ dí ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kó wà ní fífẹ̀lẹ̀ títí ẹ ó fi ṣí ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ń wú padà díẹ̀díẹ̀, ó ń jò. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, kó wú padà lójijì. Èyí tó bá ń wú padà pẹ̀lú ìlọ́ra kò lágbára láti fa písítínì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bọ́ọ̀lù líle àti èyí tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ hàn kedere bí ẹ bá fún méjèèjì léra wọn. Ẹ mú èyí tó le.

Bọ́ọ̀lù tí àwọn dókítà fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ronú kàn, nítorí ó wà káàkiri, ó sì bá ọwọ́ mu. Ṣùgbọ́n fáàfù wà ní ìdí rẹ̀ tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé bí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀. Fún ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tó yẹ nìyẹn. Fún Packard, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù á mu afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn dípò kó fa písítínì láti iwájú, abẹ á sì ṣí sílẹ̀ gbalaja. Fún Unicum pàápàá ó léwu: bí fáàfù bá tún wà ní ẹnu iwájú, afẹ́fẹ́ tó ti wọ họ́ọ̀sì kò ní lè padà, ṣọ́tà tí ẹ yí sí B (ibi tó ti ń wà ní ṣíṣí títí ẹ ó fi tú ọwọ́ sílẹ̀) kò sì ní pa dé. Bí òun nìkan ló bá wà, ẹ yọ fáàfù ìdí rẹ̀, ẹ dí ihò náà pẹ̀lú ìdérí rọ́bà tí ẹ fi Araldite lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ sì yọ fáàfù iwájú náà. Lẹ́yìn èyí ẹ ṣe ìdánwò àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fún Thornton-Pickard àti Unicum, 30 ml sí 60 ml ti tó. Bọ́ọ̀lù ńlá lára wọn kò fi nǹkan kan kún un, àfi pé ẹni tó bá fún un tagbáratagbára lè fi agbára tó pọ̀ jù lu ìdè inú ṣọ́tà tó ti gbó.

Họ́ọ̀sì: gígùn àti fífẹ̀ inú rẹ̀

Níbí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Àwọn èèyàn máa ń ra họ́ọ̀sì tó gùn, tó tún fẹ̀, nítorí wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni agbára púpọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún mọ́ra kó tó lè ti písítínì, bí ó bá sì ṣe pọ̀ tó ni agbára ọwọ́ yín ń ṣòfò tó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Mítà kan họ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 4 mm gba afẹ́fẹ́ 12.6 ml. Èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ 6 mm gba 28 ml ní mítà kan, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ká ní sílíńdà yín fẹ̀ tó 10 mm nínú, tí písítínì sì ń rin 25 mm: afẹ́fẹ́ tó nílò kò ju 2 ml lọ. Ẹ mú bọ́ọ̀lù 60 ml àti họ́ọ̀sì 4 mm tó gùn ní mítà 3. Bí ọwọ́ yín bá fún 30 ml jáde nínú bọ́ọ̀lù, ìtẹ̀sí inú rẹ̀ á fi nǹkan bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, á sì fi agbára tó tó ìwọ̀n gíráàmù 300 ti písítínì. Ẹ wá fi họ́ọ̀sì 6 mm tó gùn ní mítà 10 rọ́pò rẹ̀. Ọwọ́ kan náà, fífún kan náà, ìdá 9 péré ló máa fi lọ sókè, agbára á sì já wálẹ̀ sí nǹkan bíi gíráàmù 70. Ṣọ́tà tó ti gbẹ díẹ̀ kò ní mira.

Họ́ọ̀sì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Rọ́bà ìfàmísára ilé ìwòsàn máa ń jẹ́ nǹkan bíi 3 mm nínú, afẹ́fẹ́ á sì máa rọra kọjá níbẹ̀. Lórí mítà 1 kò burú. Lórí mítà 5, ẹ ó fún bọ́ọ̀lù, ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá á kọjá kí abẹ tó ṣí, ọmọdé tí ẹ ń yà á sì ti yí ojú padà. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́, 4 mm nínú àti 6 mm níta ni ìwọ̀n tó dára jù, tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà 3 lọ. Àwọn tó ń ta ohun èlò fún ẹja inú gíláàsì ń ta sílíkóònù oníwọ̀n yìí ní mítà mítà. Bí ẹ kò bá rí i, họ́ọ̀sì tó ń gbé omi lọ sí wáípà ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ọkọ̀ ní Apo.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, sílíkóònù ni ká mú nílẹ̀ Àríwá. Ooru kì í ṣe é ní nǹkan, kì í sì í le gbandi nínú ọyẹ́. Rọ́bà ìyeèyeè tí dókítà fi ń so apá máa ń di imú idẹ mú gírígírí ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá lò ó, ẹ kà á sí ohun tí ẹ ó máa pààrọ̀ lọ́dọọdún. Ike tó mọ́ gaara máa ń le bó bá ti pẹ́, yóò sì máa rántí bí wọ́n ṣe ká a, tí á fi máa fa kámẹ́rà. Họ́ọ̀sì gáàsì ìdáná kò yẹ rárá: ó wúwo, inú rẹ̀ fẹ̀ jù. Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ wò ni ìnípọn ara họ́ọ̀sì. Bí kò bá tó 1 mm, á máa wú bí ẹ bá fún bọ́ọ̀lù, á gbé agbára yín mì. Bí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀, á fẹ̀lẹ̀ síra, kò sì ní jẹ́ kí fífà dé ọ̀dọ̀ písítínì.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ jìnnà, bóyá ẹ fẹ́ wọ inú àwòrán ẹbí fúnra yín, ẹ má fi họ́ọ̀sì tó fẹ̀ wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹ lo bọ́ọ̀lù tó tóbi sí i, 90 ml sí 120 ml, pẹ̀lú họ́ọ̀sì 4 mm, kí ẹ sì má kọjá mítà 6. Ẹ yà á ní àdánwò láìsí fíìmù kí àwọn àgbà tó jókòó.

Síso ó mọ́ imú idẹ

Ẹ fi kàlípà wọn ìta imú sílíńdà. Inú họ́ọ̀sì yẹ kó kéré sí i ní 0.5 mm sí 1 mm. Ẹ ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ omi gbígbóná fún bíi ìṣẹ́jú kan, ẹ nù ún gbẹ, ẹ tì í wọlé pẹ̀lú yíyí díẹ̀díẹ̀, tó 8 mm ó kéré tán. Ẹ fi ọwọ́ kejì di sílíńdà mú nígbà tí ẹ bá ń tì í: òjé ni wọ́n fi lẹ àwọn kan mọ́ àpótí, ó sì lè já. Ẹ má lo kílípù irin, á gé sílíkóònù. Òwú líle tí ẹ fi dè é ní ìgbà mẹ́ta ti tó.

Bí imú bá tóbi ju họ́ọ̀sì lọ dáadáa, bóyá 7 mm tàbí 8 mm, ẹ má fa sílíkóònù 4 mm títí á fi ya. Ẹ fi rọ́bà tó fẹ̀ tó gùn ní 3 cm sórí imú náà, kí ẹ wá fi ìsopọ̀ ike kékeré so ó mọ́ họ́ọ̀sì. Bí imú bá ti kán, àwọn tó ń gbẹ́ irin lórí léètì ní Panteka ní Kaduna lè gbẹ́ tuntun láti ara idẹ. Ẹ gbé sílíńdà náà lọ, ẹ má kàn sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún wọn lẹ́nu. Tépù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò dára fún ojú síkúrù tó bá ń jò, ìyípo méjì péré. Ẹ má fi súpà glúù kan ibikíbi tó sún mọ́ písítínì: òórùn rẹ̀ nìkan lè fi ẹfun lé inú sílíńdà.

Kí bọ́ọ̀lù tó wọ họ́ọ̀sì, ẹ rí i pé abẹ ṣọ́tà wà ní pípadé, bọ́ọ̀lù náà sì wú tán. Bí ẹ bá so ó nígbà tí ọwọ́ yín ń fún un, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní tó, yóò sì máa fa ju bó ṣe ń tì lọ.

Ìdánwò kí fíìmù tó wọ̀ ọ́

Ẹ gbé kámẹ́rà dúró bó ṣe máa dúró nígbà iṣẹ́, ẹ má dán ṣọ́tà wò ní dídùbúlẹ̀. Ẹ fún bọ́ọ̀lù, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ tó le fún họ́ọ̀sì pọ̀ nítòsí bọ́ọ̀lù náà. Ṣọ́tà yẹ kó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ ó máa fi wo àwòrán lórí gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, nítorí Packard kò ní ìdè tó ń mú un ṣí. Lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ yọ pẹ́ẹ̀gì. Bí abẹ bá pa dé tán, kò sí jíjò tó lè dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá pa dé ní ìdajì, ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríta họ́ọ̀sì, ẹ fún un, ẹ wá ibi tó ń hó. Omi ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kan sílíńdà fúnra rẹ̀.

Láti mọ bó ṣe yára tó, ẹ gbé fóònù tó lè gba fídíò 240 àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ẹ̀yìn lẹ́ńsì, kí iná tàbí ojú ọ̀run wà níwájú. Iná NEPA tó ń ṣẹ́jú á dà yín láàmú. Fèrèsé ló dára. Ẹ ka àwòrán tí ojú ṣọ́tà fi ṣí. Ní 1/25, ẹ ó ka bíi 9 tàbí 10. Bí ẹ bá ka 16, ṣọ́tà yín wà ní 1/15, ẹ kọ ọ́ sára pátákó lẹ́ńsì kí ẹ sì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣọ́tà tó falẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń ṣe ohun kan náà nígbà gbogbo sàn ju èyí tó ń yí padà lọ. Ẹ tún un ṣe ní ìgbà 10. Bí iye náà bá ń fò láti 9 dé 14, ọwọ́ yín ni tàbí eruku. Ẹ kọ́kọ́ bi ọwọ́ yín: fífún Packard gbọ́dọ̀ yá, kó sì ṣe déédéé, kì í ṣe fífún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Họ́ọ̀sì tó ní pín-ìn, fún Compur àti irú rẹ̀

Wọ́n ń tà á tuntun ní oríṣiríṣi gígùn: mítà 3, mítà 6, mítà 10. Ẹnu rẹ̀ ní síkúrù olórí ṣóńṣó tó bá ojú wáyà ìtẹ̀ mu, pẹ̀lú písítínì kékeré tó ń ti pín-ìn jáde. Ẹ mú èyí tó kúrú jù tó bá lè ṣiṣẹ́ yín. Ṣọ́tà tí a ti kọ́kọ́ ká, bíi Compur àti Copal, ń fẹ́ agbára díẹ̀. Ṣọ́tà tó ń ká ara rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀ kan náà ń fẹ́ agbára púpọ̀, mítà 10 kò sì ní lè tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí àwọn olùtà kì í sọ ni ìrìn pín-ìn. Ẹ ti igi ìtayín bọ ojú síkúrù ṣọ́tà tí ẹ ti ká, ẹ sàmì sí i níbi tó bá ẹnu ihò dọ́gba, ẹ tì í títí ṣọ́tà á fi dún, ẹ sàmì kejì. Àyè tó wà láàárín àmì méjèèjì ni ìrìn tí ṣọ́tà ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ wọn bí pín-ìn ṣe yọ tó bí ẹ bá fún bọ́ọ̀lù, kó fi 2 mm ju ti ṣọ́tà lọ. Bí ó bá kúrú, fífún yín kò ní já mọ́ nǹkan kan. Bí ó bá gùn jù, ẹ yí ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ má ṣe fún bọ́ọ̀lù títí dé òpin. Bí síkúrù kò bá wọlé lẹ́yìn yíyí kan tàbí méjì, ojú rẹ̀ kò bára mu. Ẹ má fipá yí i, idẹ àtijọ́ rọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀

Ṣọ́tà ṣí ṣùgbọ́n kò pa dé: fáàfù wà nínú bọ́ọ̀lù, tàbí họ́ọ̀sì ń jò, tàbí bọ́ọ̀lù ti rọ̀ jù. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án: oòrùn ni. Afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ inú rọ́bà láti 25°C dé 45°C á fi ìdá 6 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i ní ìtẹ̀sí, ìyẹn sì lè sún písítínì tó fúyẹ́, tí ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á fi wọ inú fíìmù kí ẹ tó fún un rárá. Ẹ fi bọ́ọ̀lù sábẹ́ ibòòji, kí ẹ sì yọ họ́ọ̀sì kúrò lára rẹ̀, kí ẹ tún un so, kí ẹ tó fa àwo tó bo fíìmù jáde. Ẹ má gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa àwo yẹn. Ní ibi ìnáwó tí aṣọ ẹbí ń fẹ́ káàkiri, ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́.

Ṣọ́tà ń há, ó ń lọ díẹ̀ ó ń dúró: eruku ọyẹ́ ti pọ̀ nínú sílíńdà, tàbí ẹnì kan ti fi òróró sí i. Òróró máa ń jẹ́ kó yá fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á kó eruku mọ́ra, á di ẹrẹ̀. Ẹ yọ písítínì bí ó bá ṣeé yọ láìfipá ṣe é. Ẹ fi òwú tí ẹ tẹ bọ spírítì tó mọ́ nu inú sílíńdà àti ara písítínì, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ lọ ẹ̀jẹ̀ pẹ́ńsù 2B, ìyẹn ohun dúdú inú rẹ̀ tó ń kọ̀wé, kúnná, ẹ fi ìka pa díẹ̀ sí ara písítínì, ẹ gbọn èyí tó kù dànù. Kí spírítì má kan abẹ dúdú inú àpótí, ó lè ká wọn kò. Iṣẹ́ kan náà ló wà fún bíréèkì afẹ́fẹ́ Unicum: bí 1 ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ bá ti di 3, eruku ni, bí ó bá ti di 1/4, afẹ́fẹ́ ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítínì, ẹ̀jẹ̀ pẹ́ńsù sì sábà máa ń dí i.

Kámẹ́rà mì nígbà tí ẹ fún bọ́ọ̀lù: họ́ọ̀sì le jù tàbí ó ń fà. Ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ ìdúró kámẹ́rà ní 20 cm sí ṣọ́tà, kí èyí tó wà láàárín rọ̀ gbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ yọ họ́ọ̀sì kúrò lára imú, ẹ fi òwú kékeré dí imú náà kí eruku má wọlé, ẹ ká họ́ọ̀sì ní ìyípo tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ẹ má sì fi bọ́ọ̀lù sábẹ́ ohun tó wúwo. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú bùútù ọkọ̀. Ní gbogbo oṣù Kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ tún ṣe ìdánwò pẹ́ẹ̀gì 30 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ sì ní bọ́ọ̀lù kan àti họ́ọ̀sì mítà 3 mìíràn nínú àpò kámẹ́rà.